Kẹ̀kẹ́ Búlúù Tí Mo Gbé Pamọ́

Ọkùnrin tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti ra kẹ̀kẹ́, bíréèkì ló kọ́kọ́ máa ń tẹ̀. Á gbé iwájú rẹ̀ sókè, á yí táyà, á tẹ́tí sí ṣéènì bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò, á sì bi mí bóyá irin rẹ̀ nípọn. Obìnrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fi ojú wá àwọ̀ tirẹ̀ láàárín gbogbo wọn, ibi tí ojú rẹ̀ bá sì balẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa lọ. Àwọn ọkùnrin etí odò wa máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá kun irin tó ti dípẹtà ní píǹkì, obìnrin á rà á. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ta kẹ̀kẹ́ ní ọjà Rạch Sung, mo mọ ohun tí mo mọ̀.

Àwọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán lọ́dọ̀ tiwa. Ọdún tí wọ́n bí èèyàn ló ni ín. Ẹni tí ọdún rẹ̀ jẹ́ iná, kẹ̀kẹ́ pupa ni tirẹ̀, àwọ̀ ewé náà sì dára fún un, torí igi ni iná ń jẹ. Ẹni tí ọdún rẹ̀ jẹ́ igi, àwọ̀ ewé ni tirẹ̀, búlúù àti dúdú sì tún dára fún un, torí àwọ̀ omi ni wọ́n, omi ló sì ń wo igi dàgbà. Ṣùgbọ́n kí ẹni iná má gun kẹ̀kẹ́ àwọ̀ omi. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́. Èmi fúnra mi máa ń gbà á gbọ́ láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán mo lè máà gbà á gbọ́ mọ́. Àmọ́ mo mọ̀ pé obìnrin tó bá gun kẹ̀kẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, gbogbo kòtò tó bá já sí, kẹ̀kẹ́ yẹn ló máa dá lẹ́bi.

Nhàn ló kọ́kọ́ wá bá mi, òun nìkan, ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ mi ni ìyá rẹ̀ ti ra kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tó gùn láyé rẹ̀. Ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Khương ku ọjọ́ méjìlá. Ó fa àpótí kan sún mọ́ ibi tí mo ti ń lẹ táyà, kò sì jókòó dáadáa, ìdí rẹ̀ kàn kan àpótí ni.

"Àǹtí Út, Ìyá Khương ń mú mi bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la. Wọ́n fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ fún mi, kí n máa fi ti ilé wọn lọ sí ilé ìwé."

"Oore nìyẹn. Kí ló wá fa ojú tó fà ro báyìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má sọ ọdún mi."

Mo gbé táyà sílẹ̀. Orúkọ ẹranko ni àwọn ọdún wa ń jẹ́, méjìlá ni wọ́n, wọ́n ń yí po; ọdún Ẹkùn ni wọ́n bí Nhàn, iná sì ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò tètè gba ìwé ìbí fún un. Ìgbà tó fẹ́ wọ ilé ìwé ni wọ́n tó sáré lọ kọ ọ́, akọ̀wé sì kọ ọdún kejì lẹ́yìn tirẹ̀, ọdún Dírágónì, tó jẹ́ igi. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwa ará ibí. Kì í dá wàhálà sílẹ̀, àfi tí èèyàn bá fẹ́ lọ sílé ọkọ.

"Ìwọ lo sọ fún wọn pé Dírágónì ni ẹ́?"

"Èmi kọ́ o. Wọ́n rí ìwé mi, wọ́n gbé e lọ bá bàbá tó ń ṣírò ọdún, bàbá yẹn ní Dírágónì àti Ọ̀bọ bára mu bí ìrẹsì àti ẹja. Ńṣe ni wọ́n gbá mi mọ́ra, tí wọ́n ń sunkún ayọ̀. Ẹnu mi ò wá gbà á mọ́ láti sọ ọ́."

Ọ̀bọ ni Khương. Ẹkùn àti Ọ̀bọ kì í gbé inú ilé kan náà, ọmọ ọwọ́ mọ ìyẹn ní Rạch Sung. Wọ́n ní obìnrin Ẹkùn tó bá fẹ́ ọkùnrin Ọ̀bọ, á pa á jẹ ni.

"Khương ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

"Ó mọ̀. Òun ló ní kí n panu mọ́." Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó tún yára gbé e kúrò. "Ó tún ku ọ̀kan, Àǹtí. Mo ti lóyún. Oṣù kejì rèé."

Oyún wà níkùn, ìgbéyàwó ku ọjọ́ méjìlá, ìyá ọkọ kò sì mọ̀ nípa ọdún, kò mọ̀ nípa oyún. Bó bá gbọ́ ti ọdún yẹn, ìgbéyàwó ti tú ká nìyẹn. Nhàn á máa gbé ikùn káàkiri ọjà láìlọ́kọ, àwọn tó ń gbé ọmọ wọn wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nílé ìwé á sì máa kó wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ kí ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ àwọn. Mo mọ ìlú mi.

"Kẹ̀kẹ́ wá ńkọ́? Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù níbi kẹ̀kẹ́?"

"Wọ́n ti ní búlúù làwọn máa rà. Wọ́n ní omi ló ń wo igi dàgbà. Àǹtí, tó bá jẹ́ èmi nìkan ni, màá gùn ún, màá fara dà á. Àmọ́ pẹ̀lú èyí tó wà nínú mi yìí..." Ó mi orí. "Ẹ ṣáà rántí Ẹ̀gbọ́n mi Lụa. Iná làwọn náà. Kẹ̀kẹ́ dúdú ni wọ́n gùn jálẹ̀ gbogbo ìgbà tí wọ́n lóyún yẹn."

Mo rántí. Oyún oṣù márùn-ún ni, ó sì bà jẹ́. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló ti ra kẹ̀kẹ́ yẹn, mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

"Máa lọ sílé," mo ní. "Àwọ̀ ewé ni màá tà fún yín. Igi ni, ó bá Dírágónì orí ìwé mu. Oúnjẹ iná ni, ó bá ìwọ gangan mu. Kò sẹ́ni tó máa rojọ́."

Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn tán, mo ti ti gbogbo kẹ̀kẹ́ búlúù àti dúdú lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mẹ́jọ ni wọ́n, mo sì fi tapólì bò wọ́n. Mo to pupa àti funfun àti píǹkì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo gbé méjì tó jẹ́ àwọ̀ ewé sí àárín gbùngbùn, mo fi aṣọ nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo ti fi òwe yẹn bá ọmọ ọlọ́mọ wí àìmọye ìgbà, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Ìyá Khương dé kí oòrùn tó mú. Obìnrin kúkurú ni, kò sanra, ó so aṣọ olówùú aláwọ̀ dúdú òun funfun mọ́ ọrùn bí gbogbo àwọn àgbà wa ṣe ń so ó. Ọsàn ńláńlá ni wọ́n ń gbìn nílé wọn. Ó ti ń fi ọwọ́ wọn ọsàn láti bí ogójì ọdún, bó bá gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́, á sọ fún ẹ bóyá omi wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Bó ṣe ń wo èèyàn náà nìyẹn. Nhàn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Út! Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá Khương. Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, kí n bu omi yìnyín fún yín."

"Omi yìnyín láàárọ̀? Ikọ́ lo fẹ́ kó ràn mí." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi rèé, bá mi bi í léèrè kí ló ń ṣe é. Mo ra ọbẹ̀ núdù fún un lọ́nà, ẹran rẹ̀ kún abọ́, kò fi ẹnu kàn án. Ó ní inú ń rú òun."

"Ìgbéyàwó ló ń já a láyà," mo dáhùn kíá.

Mo yá jù. Ìyá Khương wò mí díẹ̀, ó wá kọjú sí àwọn kẹ̀kẹ́. Ó ń rìn lọ láàárín wọn jẹ́jẹ́, ó ń fi ìka kan ìjókòó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ wo èyí," mo ní, mo fa ọ̀kan nínú àwọ̀ ewé jáde. "Tuntun ni. Ẹ wo bó ṣe ń dán. Agbọ̀n iwájú rẹ̀ gba ìwé, ó gba ẹ̀fọ́. Tí ìyàwó yín bá gun èyí kọjá, àwọn igi ọsàn yín á máa kí i."

"Ó dára."

"Àwọ̀ tirẹ̀ gan-an ni, Ìyá Khương. Igi."

"Mo ní ó dára. Àmọ́ igi pẹ̀lú igi, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n kì í tọ́jú èèyàn bí ìyá. Ìyá ni mo fẹ́ fún un. Omi. Búlúù dà?"

"Ó ti tán."

"Dúdú ńkọ́?"

"Òun náà ti tán."

Ó dúró. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kọjá lọ nínú odò níwájú ilé. Nhàn di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ funfun kan mú bí ẹni tí òòyì ń kọ́.

"Út," ni Ìyá Khương wí, "àná ni mo gba ojú odò yìí kọjá pẹ̀lú ẹrù ọsàn. Mo ka búlúù mẹ́fà síwájú ilé yìí. Mo kà wọ́n torí mo mọ̀ pé mò ń bọ̀ wá rà. Ṣé òru lo tà wọ́n ni?"

"Ẹnì kan ló wá kó wọn. Ọkùnrin kan láti Sa Đéc."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, Ìyá."

"Ó kó búlúù, ó kó dúdú, kò mú pupa kan, kò mú ewé kan."

"Ẹ ṣáà mọ àwọn oníbàárà."

"Mo mọ̀ wọ́n," ló ní. Ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá Khương, ẹ̀yìn yẹn ò mọ́ o! Epo wà nílẹ̀, ẹ máa yọ̀ o!"

Ó ti wọ ibẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ìró tapólì tó wọ́ nílẹ̀. Nhàn yí ojú sí mi. Bí mo bá ti jẹ́ kí àwọn kẹ̀kẹ́ yẹn wà níbi tí wọ́n wà, ǹ bá ti wá nǹkan wí, ǹ bá ní búlúù ti pọ̀ jù ní ìgboro, àwọn olè ń wá búlúù, ohunkóhun. Ọwọ́ ara mi ni mo fi mú igi gún ọmọ ọlọ́mọ lójú.

Ìyá Khương ti kẹ̀kẹ́ búlúù kan jáde. Ó gbé e dúró láàárín wa.

"Ta lo gbé búlúù pamọ́ fún?"

"Bíréèkì wọn ni kò dára. Mo fẹ́ dá wọn padà."

Ó ti kẹ̀kẹ́ náà síwájú, ó tẹ bíréèkì. Táyà dúró gbọin. Kò tiẹ̀ wò mí mọ́ rárá, Nhàn ló ń wò báyìí, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń wo ọsàn kó tó sọ iye rẹ̀.

"Nhàn."

"Mà."

"Gùn ún kí n rí i. Gun orí afárá yẹn, kí o yí padà wá. Bó bá ti bá ẹ lára mu, a ti rà á nìyẹn."

Afárá tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹnikẹ́ni tó bá mọ Rạch Sung mọ̀ ọ́n. Kọnkéré ni, kò fẹ̀ ju àlàfo ẹni méjì lọ, ó yọ ikùn sókè láàárín, ọwọ́ irin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti já bọ́ láti ìgbà ìkún omi ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń gùn ún lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé kò gbà pé kẹ̀kẹ́ tí àwọn gùn ń wá ọ̀nà àtipa àwọn.

Mo fẹ́ dá a dúró. Mo fẹ́ sọ pé táyà rẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́. Àmọ́ irọ́ méjì mi ti bàjẹ́ lójú obìnrin yẹn, ìkẹta á kàn mú kí ó dá a lójú ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìkà ni Ìyá Khương. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an nìyẹn, tó bá jẹ́ pé ìkà ni, ǹ bá ti lé e jáde. Ẹkùn lòun náà. Ọkọ rẹ̀, bàbá Khương, Ọ̀bọ ni. Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ìyá ọkọ rẹ̀ sunkún sókè bí ẹni pé òkú ni wọ́n gbé wọlé. Ọkùnrin náà bá a gbé dáadáa fún ogún ọdún ó lé díẹ̀, alùpùpù wá pa á lọ́nà Vĩnh Long. Mo wà níbi ìsìnkú yẹn. Lórí pósí ni àbúrò ọkọ rẹ̀ ti nàka sí i, tó ní, "O ti jẹ ẹ́ tán. Ṣé o yó?" Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ìyá Khương kò sunkún. Láti ọjọ́ náà, alùpùpù kò wọ ilé wọn mọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló ń rà fún ìyàwó. Láti ọjọ́ náà náà ló ti gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló máa sá.

Nhàn gun kẹ̀kẹ́ náà. Ó gbọ̀n sọ́tùn-ún, ó gbọ̀n sósì, ó wá tọ́. Ó gbọ́n, ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn láti kékeré. Ó kọjá iwájú ẹni tó ń ta omi ìrèké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun afárá. Èmi àti Ìyá Khương dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ bí obìnrin yẹn ṣe ń mí.

Ní góńgó afárá, Nhàn dúró.

Ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́. Iwájú kẹ̀kẹ́ náà yà díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò ní irin. Mo ti sáré dé títì kí n tó mọ̀ pé mo kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ kékeré kó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ kọjá lábẹ́ afárá gbójú sókè, ó pariwo pé:

"Ìyàwó! Ṣé o fẹ́ bẹ́ lé mi lórí ni? Jọ̀ọ́, ẹyin ni mo kó!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nhàn kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó yí i padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í bọ̀. Bó ṣe ń sún mọ́ wa ni mo rí i pé omijé ti bo ojú rẹ̀. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà dé iwájú Ìyá Khương, ó fi í lé e lọ́wọ́.

"Màmá, mi ò lè gùn ún."

"Kí ló dé? Ṣé ó ga jù ni?"

"Kò ga. Iná ni mí."

Mo di ojú mi.

"Ọdún Ẹkùn ni wọ́n bí mi. Ìwé yẹn kò sọ òótọ́. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́, torí mo fẹ́ràn Khương, mo sì fẹ́ràn yín."

Mo ń retí ariwo. Ariwo kò wá. Ìyá Khương kàn ń wo kẹ̀kẹ́ búlúù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Khương mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Út, ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀, Ìyá Khương."

"Ó dáa. Gbogbo yín mọ̀. Èmi nìkan ni arìndìn àárín yín, èmi tí mò ń ra núdù kiri." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Nhàn, padà sílé ìyá ẹ. Màá wá bá a sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Mo ti sin bàbá rẹ̀. Mi ò ní sin òun náà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mi ò bínú sí ẹ. Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ẹkùn lèmi náà, mo mọ̀ pé ẹkùn kì í mọ̀ pé òun ń jẹ ẹran. Máa lọ."

Nhàn kò lọ. Ó dúró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ikùn rẹ̀ báyìí, kò sì gbé wọn kúrò.

"Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni, Màmá, mo ti gùn ún. Lóòótọ́ ni. Ṣé ẹ rò pé mi ò lè gun kẹ̀kẹ́ kan kí n lè di ìyàwó yín? Mo dé orí afárá, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí òdìkejì, ó wá kù díẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ yẹn wọ́ mi sómi. Oyún wà nínú mi. Mi ò lè gbé e lé orí omi."

Ìyá Khương jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́. Èmi ni mo gbá a mú kó tó ṣubú.

"Oṣù mélòó?"

"Méjì."

Àwọn àgbà wa kì í fi ìwé ṣírò. Oríkèé ìka ni wọ́n ń kà, àtàǹpàkò á máa rìn lórí àwọn ìka yòókù, oríkèé kan fún oṣù kan, oríkèé kan fún ọdún kan. Mo rí àtàǹpàkò Ìyá Khương tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ka oṣù, ó dé òpin ọdún, ó kọjá sínú ọdún tuntun, ó dé oṣù kẹrin, ó dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún. Kò pọn dandan kó kà á, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Ọdún Ẹfọ̀n la wà nígbà yẹn. Ẹkùn ló máa ń tẹ̀ lé Ẹfọ̀n.

Ó kà á síbẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ gun oríkèé yẹn, kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Ẹkùn," ló ní. "Ọmọ Khương." Ó tún kà á, bí ẹni tó rò pé òun ṣì í. "Ọdún tèmi gan-an ni, ẹranko rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀. Ọgọ́ta ọdún, ó yí po, ó padà dé."

Ẹni tó ń ta omi ìrèké ti pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè máa gbọ́ wa.

"Bó bá wá jẹ́ obìnrin ńkọ́?" Èmi ló kọjú sí, bí ẹni tí mo ní ìdáhùn nínú ṣọ́ọ̀bù. "Út, bó bá jẹ́ obìnrin, ta ló máa fẹ́ ẹ?"

Ó yẹ kí n pa ẹnu mi mọ́. Àgbà ni lójú mi, ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, mi ò sì tíì gbó o lẹ́nu rí. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ mi ti ń hó láti àárọ̀, ìtìjú àwọn kẹ̀kẹ́ tí mo gbé pamọ́ wà nínú ẹ̀, ìbẹ̀rù afárá náà wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde, mi ò lè fà á padà.

"Wọ́n á fẹ́ ẹ," mo ní. "Ọkùnrin á fẹ́ràn rẹ̀ bí Khương ṣe fẹ́ràn èyí. Tí ìgbéyàwó rẹ̀ bá ku ọjọ́ mọ́kànlá, ìyá ọkọ kan á mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ bí ẹ ṣe mú èyí wá."

Nhàn pariwo, "Àǹtí!"

Mo ń retí ìgbájú. Ká sọ òótọ́, mo ti ṣetán láti gbà á. Ìyá Khương wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ wá yí padà. Ó fi ọwọ́ wá ibi ìjókòó lẹ́yìn ara rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí tí mo fi ń lẹ táyà, láàárín rọ́bà àti gọ́ọ̀mù, ó sì bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ìbínú. Ẹkún tí kò sun lórí pósí ọkọ rẹ̀ ni, mo gbà bẹ́ẹ̀, torí ó pẹ́, ó sì ń fi ọwọ́ lu itan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ òkú fún. Nhàn kúnlẹ̀ tì í. Kò mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án, ó wá rọra di etí aṣọ rẹ̀ mú.

Mo wọlé lọ bu omi. Nígbà tí mo fi máa jáde, Ìyá Khương ti ń fi aṣọ ọrùn rẹ̀ nu imú.

"Ìwọ Út," ló ní, "ẹnu ẹ yìí, ọjọ́ kan ni wọ́n máa fi sípánà yọ ọ́."

"Ẹ má bínú, Ìyá Khương."

"Dákẹ́." Ó mu omi náà tán, yìnyín àti gbogbo ẹ̀. Ó dìde, ó gba kẹ̀kẹ́ búlúù lọ́wọ́ mi, ó tì í wọ ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀, mo sì gbọ́ bó ṣe ń fa tapólì bò ó. Ó jáde. Ó na ọwọ́ sí Nhàn, ó fà á dìde. "Ìwọ, o ò gbọdọ̀ gun nǹkan kan títí o fi máa bí. Pupa ni o, ewé ni o. Khương á máa gbé ẹ lọ, òun tó mọ irọ́ pa. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"A máa gba ọ̀dọ̀ onínúdù yẹn kọjá, wàá jẹun."

"Màá jẹun."

Wọ́n ti dé ẹ̀bá títì, mo rò pé ó ti tán. Ìyá Khương dúró. Ẹni tó ń ta omi ìrèké wà níbẹ̀, aya alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, àwọn obìnrin méjì tó ń ta ewébẹ̀ náà ti fi ọjà wọn sílẹ̀ wá wòran. Kò fi wọ́n pè. Nhàn ló dojú kọ, ó di apá rẹ̀ méjèèjì mú.

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn àbúrò bàbá Khương máa bi ẹ́ ní ọdún tí wọ́n bí ẹ. Wọn ò ní ṣàì béèrè. Tí wọ́n bá ti béèrè, sọ pé Ẹkùn ni ẹ́. Má wo ilẹ̀. Sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé gbọ́, kí ó ti mọ́ wọn létí kí ọmọ Ẹkùn mi yìí tó dé."